Bọ́gà Ìlú Mẹ́ta Lórí Pẹpẹ Pupuru

Ọjọ́ kan wà tí mo ti bẹ Ọlọ́run títí pé kó mú un kúrò lọ́kàn mi, kò gbà. Bí mo bá ti gbọ́ òórùn pòtétò tí wọ́n ń dín báyìí, ọjọ́ náà á tún dé, á wá jókòó tì mí.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ irú ẹni tí mo jẹ́, kí ẹ má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ara mi kì í balẹ̀. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa jó nílẹ̀. Bí mo bá ń jẹun, mo ti ń ronú ohun tí n óò jẹ tẹ̀lé e. Bọ́lá, ọmọ Igbotako tí mo fẹ́ fi ṣaya, máa ń sọ pé ọjọ́ tí wọ́n bá sin mí, mo máa dìde wò ó bóyá wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà dáadáa. Èmi máa ń rẹ́rìn-ín. Bàbá rẹ̀ ni kì í rẹ́rìn-ín. Àgbà ìjọ Aládùúrà ni bàbá yìí, ó lè jókòó sójú kan láti òwúrọ̀ kó máa ka Sáàmù títí oòrùn á fi kan àtàrí. Ó ti sọ fún Bọ́lá pé òun ò mọ bí ọkùnrin tí kò lè fìdí jókòó ṣe máa gbé ilé ró. Ó ní kí n wá kí òun lọ́jọ́ Sátidé. Bí òun bá wò mí tí ọkàn òun balẹ̀, kí n lọ pe ẹbí mi wá. Bí kò bá balẹ̀, kí n máa lọ sílé mi ní àlàáfíà.

Ohun tó yẹ kí n ṣe kò ju pé kí n wọ aṣọ tó mọ́, kí n dọ̀bálẹ̀, kí n jókòó, kí n dákẹ́. Ọmọdé lè ṣe é. Ṣùgbọ́n Délé, ẹ̀gbọ́n Bọ́lá tó ń ṣiṣẹ́ l'Àkúrẹ́, wá lo ìsinmi nílé lọ́sẹ̀ yẹn. Mo ní kí n ṣe é lálejò, mo mú un lọ jẹ bọ́gà ní Òkìtìpupa, nílé oúnjẹ kan tí mo fẹ́ràn. Ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ẹnu, ó ní, "Àna mi, o ṣeun o. Búrẹ́dì àti ẹran nìyẹn. Bọ́gà wà l'Àkúrẹ́."

Háà! Ẹnìkan kì í bú ìlú ẹni lójú ẹni kí èèyàn máa wò. Mo dìde dúró. Mo ní bọ́gà Àkúrẹ́ ti dùn jù, bí ẹni ń jẹ kéèkì, ẹran inú rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ débi pé èèyàn lè rí òdìkejì. Mo ní ti Ọ̀rẹ, àwọn arìnrìn-àjò ni wọ́n ń ṣe é fún, pòtétò wọn tóbi gbàǹgbà nítorí pé wọn ò ráyè gé e. Tiwa ni wọ́n gé wẹ́wẹ́, tí wọ́n dín tó ń ró kàù lẹ́nu, tí ata sì dé inú ẹran. Ibi tó yẹ kí n dúró sí nìyẹn. Mi ò dúró. Mo ní bí wọ́n bá fi aṣọ di ojú mi, tí wọ́n ju pòtétò kan ṣoṣo sí mi lẹ́nu, màá dárúkọ ìlú tí wọ́n ti dín in.

Délé ní, "Irọ́ lo ń pa."

Mo ní, "Lọ́jọ́ Sátidé, níwájú Bàbá!"

Nígbà tí Bọ́lá gbọ́, ó pè mí. "Ṣé orí ẹ pé ṣá? Wọ́n ní kó o wá jókòó, o fẹ́ wá figagbága lórí bọ́gà?" Mo ní kó fọkàn balẹ̀. Èmi tí ọkàn mi ò balẹ̀ rí.

Sátidé dé, ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí mo ti wà l'Ọ̀rẹ pẹ̀lú kúlà ńlá kan. Mo ra tiwọn, gbígbóná fẹlifẹli. Ọmọbìnrin tó tà á fún mi ní, "Bọ̀dá, ẹ jẹ ẹ́ kíá o. Pòtétò yìí kì í dúró de èèyàn." Mo kó o sínú kúlà, mo pa á dé gbọn-in. Mo wá ń dúró de awakọ̀ tí ọ̀rẹ́ mi kan l'Àkúrẹ́ fi bọ́gà ibẹ̀ rán sí mi. Mo dúró, mo rìn, mo tún dúró. Mo pe awakọ̀ náà lórí fóònù títí ó fi ní, "Ọ̀gá, bí ẹ bá tún pè mí, màá yí ọkọ̀ yìí pa dà s'Àkúrẹ́ ni o." Ìgbà tó dé, abẹ́ ìjókòó ló ti fa páálí náà yọ, níbi tí wọ́n gbé àpò àlùbọ́sà lé e lórí. Bọ́gà Àkúrẹ́ ti di pẹlẹbẹ. Inú mi dùn díẹ̀ sí i, n ò ní purọ́.

Mo sáré dé Òkìtìpupa láti ra tiwa, wọ́n ní òróró ò tíì gbóná. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí tábìlì wọn ká. Obìnrin tó jókòó sídìí owó ní, "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, òòyì ti ń kọ́ mi." Mo jókòó. Mo tún dìde. Ìgbà tí wọ́n fún mi, mo bẹ́ sórí ọ̀kadà, mo gbé kúlà sáàárín èmi àti ọlọ́kadà, mo sì fi àwọn ọ̀rá kéékèèké tí tòmátò pupa wà nínú wọn sápò àyà mi kó má baà fọ́. Ẹwù funfun ni mo wọ̀. Ewúrẹ́ kan já sójú ọ̀nà, ọlọ́kadà tẹ bíréèkì, kúlà wá fún mi láyà.

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wọn, Ìyá Bọ́lá ló kọ́kọ́ rí mi. "Yéè! Wọ́n ti pa ọmọ ọlọ́mọ o!"

"Tòmátò ni, mà," ni mo ń wí, mo sì ń dọ̀bálẹ̀ lé tòmátò náà lórí.

Wọ́n bọ́ ẹwù lọ́rùn mi. Bàbá yá mi ní sútánà rẹ̀ àtijọ́ kan, ó sì ní kí n bọ́ bàtà, nítorí wọn kì í fi bàtà sábẹ́ sútánà. Báyìí ni mo ṣe wọ ilé àna mi ní ẹsẹ̀ lásán, bí ẹni tó wá gba ìran.

Délé ti jókòó, ó ń yọ eyín. Mo na ọwọ́ sí kúlà. Bàbá ní, "Dúró ná, ọmọ mi. Oúnjẹ ìta kì í kan ẹnu nínú ilé yìí láìgbàdúrà sí i. Ẹ jẹ́ ká kúnlẹ̀."

Ẹni tó bá mọ Aládùúrà mọ̀ pé kì í ṣe àdúrà ṣókí. Wọ́n tan àbẹ́là, wọ́n lu agogo. Bàbá gbàdúrà fún ẹni tó gbin pòtétò, fún ẹni tó dín in, fún awakọ̀ Àkúrẹ́, fún ọ̀nà Ọ̀rẹ àti gbogbo gegele rẹ̀. Ara ń ta mí. Mo la ojú kan, mo ṣí ìdérí kúlà díẹ̀ báyìí. Yéè mo gbé! Ooru ti di omi nínú rẹ̀, gbogbo pòtétò ti rọ bí ẹ̀fọ́ tí oòrùn pa. Bàbá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé orí àwọn tó ń rìn lórí omi.

Ẹ gbọ́ èrò tó wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ Ìkálẹ̀ ni mí. Láti kékeré ni mo ti ń rí i pé ohun tó bá tutù, tó bá rọ̀, orí pẹpẹ iná ni wọ́n ń gbé e sí. Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ, tí wọ́n fún, tí wọ́n mọ róbótó, ṣebí ibẹ̀ náà ni èéfín ti ń gbẹ ẹ́ di pupuru? Pupuru Ìyá Bọ́lá sì wà lórí iná lẹ́yìnkùlé báyìí, mo gbóòórùn rẹ̀. Kí ló wá dé tí pòtétò ò ní gbẹ? Mo wò yíká, ojú gbogbo wọn wà ní dídì. Mo fi orúnkún rìn jáde, mo ń wọ́ kúlà tẹ̀lé mi.

Mo to bọ́gà àti pòtétò sáàárín pupuru, tòun ti páálí tòun ti ọ̀rá, kí ìlú má baà dàrú mọ́ ìlú. Iná náà rọra ń jó. Ó lọ́ra jù lójú mi, mo bá ki igi sí i, mo fẹ́ ẹ. Mo sáré pa dà wá kúnlẹ̀, mo ṣe "Àmín" kíkankíkan, ó ku díẹ̀ kí orúnkún mi kan ilẹ̀ tí mo tún dìde lọ wò ó.

Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ. Páálí ti gbiná, òróró ń kán sínú iná, ọ̀rá ń yọ́ bọ́ sórí pupuru. Mo gbé korobá omi, mo dà á lù ú lẹ́ẹ̀kan. Eérú rú bo ojú mi, mo fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ẹyín iná, mo fò sókè, mo sì fi ẹ̀yìn gbá pẹpẹ. Gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀.

Wọ́n sáré jáde. Délé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Bọ́lá káwọ́ lérí, omi lé sí i lójú. Ìyá rẹ̀ ò pariwo, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù. Ó kàn bẹ̀rẹ̀, ó mú pupuru kan tí ọ̀rá ti lẹ̀ mọ́, ó nu ún mọ́ ìró rẹ̀, kò kúrò. Gbogbo ọ̀sẹ̀ ló fi bó ẹ̀gẹ́ yẹn, ó rẹ ẹ́, ó fún un. Ojú tì mí débi pé iná tó jó mi lẹ́sẹ̀ ò dùn mí mọ́. Mo wo Bọ́lá, mo mọ̀ pé mo ti pàdánù rẹ̀.

Bàbá ló jáde kẹ́yìn, àbẹ́là ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ọ̀pá tú eérú, ó ṣa bọ́gà kan tó ti dúdú kirikiri, ó nà án sí mi. "Ọmọ mi, ìlú wo ni wọ́n ti ṣe èyí?"

Mo gba bọ́gà náà, mo yí i síbí, mo yí i sọ́hùn-ún, mo gbóòórùn rẹ̀. Èéfín ni. Òkìtìpupa ti wà lórí ahọ́n mi, ó ku kí n pè é. Ojú mi wá bá ọwọ́ Ìyá Bọ́lá tó ṣì ń nu pupuru yẹn.

Mo ní, "N ò mọ̀, sà."

Bàbá wò mí pẹ́. "Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbúròó rẹ, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí o sọ tí mo gbàgbọ́ nìyí." Ó fẹ́ àbẹ́là rẹ̀ pa. "Lọ bá ìyá rẹ bó ẹ̀gẹ́ mìíràn. Ìwọ lo máa jókòó ti iná rẹ̀. Ọjọ́ tó bá gbẹ, lọ pe àwọn ènìyàn rẹ wá."

Mo jókòó. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ẹ gbà mí gbọ́, mo jókòó. Bí ẹsẹ̀ mi bá ti ń jó, Ìyá á kàn wò ó, á dúró jẹ́ẹ́. Ó ní iná pupuru kì í gbọ́ "ṣe kíá". Ohun tí mo kọ́ nìyẹn: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹni tó bá sì ń kánjú, kó má gbé ìkánjú rẹ̀ wọ ilé àna.

Bọ́lá ti di ìyàwó mi. Bí àwọn ọ̀rẹ́ bá bi mí báyìí pé bọ́gà ìlú wo ló dára jù, màá ní n ò mọ̀. Bọ́lá ní irọ́ ni, pé mo mọ̀ dáadáa, ìyá òun ni mò ń bẹ̀rù. Kí ni n bá sọ? Mo rẹ́rìn-ín, mo wo ẹ̀yìn wò bóyá Ìyá wà nítòsí.