Kọ̀ǹpútà Ń Kí Alága

Ẹ wá wo ọ̀gá wa ní ilé ìkàwé, Àràbà Elédè Méje, Baba Gírámà, ọkùnrin tí kì í wúkọ́ láìkọ́kọ́ tún táì ṣe. Èdè méje ló ní òun gbọ́. Àwa ò tíì gbọ́ ju ẹyọ kan lọ lẹ́nu rẹ̀, ariwo ló sì fi ń sọ ìyẹn náà.

Ipò olórí ilé ìkàwé ṣófo, alága ìgbìmọ̀ sì ń bọ̀ wá yan ẹni tí yóò bọ́ sí i. Ọ̀gá ti jókòó sórí àga olórí ní tirẹ̀. Ìwé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà ló wà nínú kọ̀ǹpútà wa. Ọdún mẹ́rin gbáko ni akọ̀wé, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, fi tẹ orúkọ wọn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá ò tẹ ẹyọ kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó yọ Yorùbá kúrò lójú kọ̀ǹpútà, ó fi èdè Jámánì sí i.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ gbọ́ Jámánì ni?" Akọ̀wé ló bi í.

"Èmi lò ń bi? Ṣé kí alága wá bá Yorùbá níbí, bí ẹni tí kò dé ibì kan rí?"

Alága, ìyá kan, dé, àwọn òǹkàwé rọ̀gbà yí tábìlì ká. Ìyá náà ní kí wọ́n bá òun wá ìwé nípa oyin.

"Kíákíá, mà!" Ọ̀gá tẹ bọ́tìnì pupa, torí òun ló dán jù. Àpótí kékeré kan yọ.

"Kí ló wí?"

"Ó ń kí yín káàbọ̀ ni, mà." Ó tẹ ibi àkọ́kọ́ tó rí nínú àpótí náà. Òmíràn tún yọ.

"Èyí ńkọ́?"

"Ẹ̀n-ẹ́n, èmi ló ń yìn. Ó ní irú mi ṣọ̀wọ́n."

Akọ̀wé mọ ohun tí bọ́tìnì yẹn ń ṣe. Ó fò mọ́ ọ̀gá lọ́wọ́. "Mà, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí n fi Yorùbá sí i padà!"

"Fi sí i, ọmọ mi. Mo fẹ́ fojú ara mi ka ìyìn ọ̀gá."

Akọ̀wé pa á, ó tún un ṣí ní Yorùbá, ó sì tẹ bọ́tìnì pupa yẹn. Gbogbo òǹkàwé kà á sókè bí ọmọ jẹ́léósinmi:

"Ẹ fẹ́ pa gbogbo ìwé ẹgbẹ̀rún mẹ́fà rẹ́. Ẹ kò ní rí wọn padà mọ́. Ṣé ó dá yín lójú?"

Ọ̀gá tún táì rẹ̀ ṣe. "Kò... kò dá mi lójú mọ́, mà."

Ẹ̀rín bú sílẹ̀ gbàà. Akọ̀wé tẹ "Rárá," omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Alága tún tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà. "Ó tún ń sọ̀rọ̀ o, ọ̀gá. Ó ní kí ẹ dìde lórí àga yẹn fún ẹni tó niṣẹ́."

Ọ̀gá dìde. Akọ̀wé jókòó, ó tẹ "oyin." Ìwé mẹ́ta jáde, wọ́n sì rán ọ̀gá lọ gbé wọn wá.