Òkú Tó Pe Ọ̀rẹ́ Rẹ̀ Lẹ́jọ́

Ẹjọ́ tó gun àtẹ̀gùn ààfin Baálẹ̀ wa lánàá, òkú ló pè é. Òkú náà wọ bùbá àti ṣòkòtò aláwọ̀ ewé, ó gbé fóònù méjì lọ́wọ́, ó sì ti jẹun yó kó tó jáde nílé. Mùktárù lorúkọ rẹ̀. Báàgì àti àpótí ìrìnàjò ló ń tà ní Òṣòdì, ilé rẹ̀ sì wà ládùúgbò wa níbí, lọ́nà Ailegun.

Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi pa ara rẹ̀ lórí Fesibúùkù, láìmọ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó wo àwòrán tó wà lójú ìwé rẹ̀, ó ní kò bá ọjọ́ orí òun mu mọ́. Ó fẹ́ kí ẹni tó bá ṣí ojú ìwé òun rí àgbà tó níyì, irú àwọn baba àtijọ́ tí wọ́n máa ń gbé àwòrán wọn kọ́ sára ògiri pálọ̀. Ó bá wá èyí tó ti wé láwàní, ó yọ gbogbo àwọ̀ inú rẹ̀ kúrò, ó ku dúdú àti funfun, ó gbé e síta, kò sì kọ ohunkóhun sí i. Gbogbo ẹni tó ní fóònù ládùúgbò yìí ló mọ̀ pé bí àwòrán àgbàlagbà bá ṣàdédé di dúdú àti funfun, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń túfọ̀. Kí ó tó wẹ̀ tán, èèyàn mẹ́tàdínlógójì ti ń bẹ Ọlọ́run kó fi Alùjánnà onídẹ̀ra kẹ́ ẹ.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ikú ló gbé e wá sí ààfin. Ilésanmí ló pè lẹ́jọ́, tísà ọmọ Èkìtì tó ti fẹ̀yìn tì, tí ògiri kan ṣoṣo pààlà ilé àwọn méjèèjì.

"Sọ ẹ̀sùn rẹ," Baálẹ̀ Adéyẹyè wí.

"Kábíyèsí, ọ̀rọ̀ mi ló gbà padà. Nígbà tí mo kú, ó kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán mi. Nígbà tó rí i pé mi ò kú mọ́, ó pa á rẹ́. Mo fẹ́ kó dá a padà fún mi."

"Ta ló ni ọ̀rọ̀ náà?"

"Èmi ni, Kábíyèsí. Èmi ló kọ ọ́ fún."

Olóyè Ògúnjìmí, Ọ̀tún Baálẹ̀, tí kì í ní sùúrù, dá sí i. Ó ní nígbà tí Mùktárù rí i pé àwọn èèyàn ń dárò òun, kí ló dé tí kò kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ń bẹ láàyè?

Mùktárù wolẹ̀. "Mo fẹ́ kọ ọ́, Olóyè. Àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dùn bọ̀ ni."

Ó ṣàlàyé. Àwọn tí kì í kí òun lọ́jà ń kọ ọ́ pé aláàánú ni òun. Ọkùnrin kan tí wọ́n jọ ń du oníbàárà ní Òṣòdì kọ ọ́ pé báàgì Mùktárù kì í tètè já. Báwo lèèyàn ṣe máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́nu? Ọjọ́ méjì gbáko ló fi ti ara rẹ̀ mọ́ yàrá, tó ń kà, tó sì ń tẹ àmì ìfẹ́ sí èyí tó bá wù ú. Kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè bí òkú ṣe ń tẹ fóònù. Àwọn tó wá kí wọn nílé, Salimat ọmọ rẹ̀ ní kí wọ́n má bínú, baba ń sinmi ni, wọ́n sì bú sẹ́kún lẹ́nu géètì.

Ọjọ́ kejì ni Ilésanmí kọ tirẹ̀. Ibi tí Mùktárù ti dárúkọ rẹ̀ yìí ni ohùn rẹ̀ ti yí padà. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni òun àti tísà máa ń ta dráàfù níwájú ilé. Àkàbà ló da àárín wọn rú. Àkàbà Mùktárù sọnù, ó ní Ilésanmí ló gbé e, Ilésanmí ní òun ò tilẹ̀ fọwọ́ kàn án, ó sì fi Bíbélì búra. Ọdún mẹ́sàn-án nìyẹn. Látìgbà náà, bí wọ́n bá pàdé, àwọn méjèèjì á gbójú sókè, bíi pé bàálù ló ń bọ̀. Bàálù sì máa ń bọ̀ lóòótọ́, torí pápákọ̀ òfuurufú ò jìnnà sí wa. Bó bá ń kọjá, gbogbo wa la máa ń dákẹ́ títí á fi lọ.

"Kí ló wá kọ?" Baálẹ̀ bèèrè.

"'Mùktárù, ọ̀rẹ́ mi.' Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, Kábíyèsí. Omi bo ojú mi, mo bá pe Salimat kó wá bá mi ka ìyókù. Bó ṣe kà á dé ibi àkàbà, mi ò lè dúró mọ́, mo sáré lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ó ṣí i, ó rí mi, ó pe Jésù, ó sì tì í padà. Kí n tó padà délé, ọ̀rọ̀ ti pòórá."

Ilésanmí dìde, ó tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe, ó ní òun ò kọ nǹkan kan.

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Abdulhameed tó ń tún fóònù ṣe ní òun rí i, ó tó ogún ìlà, ó sì pa òun lẹ́kún. Fawziyyah tó ń ránṣọ ní irọ́ ni, ìlà méjì péré ni, pẹ̀lú àbẹ́là mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ tí Fawziyyah fúnra rẹ̀ kọ ló ń sọ. Baálẹ̀ ní kí Abdulhameed sọ ohun tó wà nínú ogún ìlà tirẹ̀.

"Mi ò kà á, Kábíyèsí. Ó ti gùn jù. Mo kàn tẹ ojú ẹlẹ́kún sí i, mo kọjá."

"O ní ó pa ọ́ lẹ́kún."

"Ojú tí mo tẹ̀ yẹn ló ń sunkún, sà."

Ó wá ku Salimat. Ó kúnlẹ̀, ó ní ẹnu òun lòun fi kà á. "Wọ́n ní ẹ̀yìn kíṣìnnì àwọn ni àkàbà wà. Wọ́n ní aṣọ ni àwọn ń sá lé e."

Ilésanmí rí i pé ọ̀nà ti dí, ó yíhùn padà. "Ó dáa, mo kọ ọ́. Ṣùgbọ́n òkú ni mo kọ ọ́ fún. Ọkùnrin tó jókòó yìí ò kúnjú òṣùwọ̀n. Mo sunkún láti àárọ̀, mi ò fẹnu kan oúnjẹ, ó wá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sẹ́nu ọ̀nà mi. Èmi gan-an ló yẹ kí n pè é lẹ́jọ́. Ìgbà tó bá kú lóòótọ́, Kábíyèsí, màá kọ ọ́ padà, ọ̀rọ̀ kan ò ní dín níbẹ̀."

Àwọn ìjòyè mi orí, wọ́n ní tísà rí ọ̀rọ̀ sọ. Kì í ṣe àkàbà ló ń dun Mùktárù. Ó ti ra mẹ́ta lẹ́yìn ìyẹn. Ohun tó ń dùn ún ni pé Ilésanmí tún pe òun ní ọ̀rẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án, òun ò sì tíì gbọ́ ọ tán tó fi pa á rẹ́.

"Kábíyèsí," ó wí, "tí mo bá kú lóòótọ́, ta ló máa bá mi kà á?"

Baálẹ̀ na ọ̀pá àṣẹ rẹ̀ sí tísà.

"Ilésanmí jàre. Ọ̀rọ̀ òkú ni, òkú ló ni ín." Ó yí ọ̀pá náà sí Mùktárù. "Mùktárù náà jàre. Òun ni òkú ọ̀hún. Torí náà, Mùktárù máa kú níwájú wa báyìí, fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ilésanmí á kúnlẹ̀ tì í, á sọ gbogbo ohun tó kọ. Tó bá fo ọ̀kankan, Salimat wà níbí. Àkàbà á padà sílé lónìí. Àmọ́ tí òkú bá rẹ́rìn-ín pẹ́nrẹ́n, kí tísà máa sá aṣọ rẹ̀ lọ."

Wọ́n tẹ́ ẹní. Mùktárù ṣí fìlà, ó dùbúlẹ̀, ó di ojú. Olóyè Ògúnjìmí ní òkú kan kì í sùn gbalaja bẹ́ẹ̀, ó mú aṣọ bò ó dé àyà.

Ilésanmí kúnlẹ̀. Ó wúkọ́, ó wo àwọn ìjòyè, ó tún wúkọ́. Bàálù kan bẹ̀rẹ̀ sí í hó bọ̀ láti ọ̀nà Àjàó Estate. Gbogbo wa gbọ́ ọ, tísà náà gbọ́ ọ, ìgbà yẹn gan-an ló sì yára bẹ̀rẹ̀. A rí ẹnu rẹ̀ tó ń mì. A rí i tó bọ́ awò ojú rẹ̀, tó fa áńkáṣíìfù yọ, tó tún tẹ̀ síwájú sí i. Kí bàálù tó lọ tán, ó ti ń nu ojú, ó ní òun ti sọ ọ́.

Àwọn ìjòyè fárígá, wọ́n ní àwọn ò gbọ́ nǹkan kan. Salimat náà ò gbọ́. Baálẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́ òkú náà lórí ẹní.

"Mùktárù, ìwọ lo sún mọ́ ọn jù. Ṣé o gbọ́?"

Mùktárù gbọ́. Ẹnu tísà fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí rẹ̀, kò sì sí èyí tó fò ó: àkàbà tí igi ìtẹ̀sẹ̀ rẹ̀ kan ṣẹ́ mọ́ Ilésanmí lẹ́sẹ̀, ojú tó ti Ilésanmí, Bíbélì tó fi búra nígbà tí ojú ń tì í, dráàfù tí kò rẹ́ni bá a ta mọ́, àti ọ̀rẹ́ mi, lẹ́ẹ̀mẹta. Omi ti ń ṣàn láti igun ojú òkú náà wọnú etí.

"Mi ò gbọ́ ọ, Kábíyèsí," ó wí, kò ṣíjú. "Kó tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀."