Adéògún, Olùkọ́ Ajá ní Darkuman

Bí ẹ bá pàdé ọkùnrin kan ní Darkuman, ládùúgbò wa ní Accra, tó wọ agbádá funfun nínú oòrùn ọ̀sán, tó sì fi fèrè kọ́rùn bí adájọ́ eré bọ́ọ̀lù, ẹ kọ́kọ́ kí i kí ẹ tó béèrè orúkọ rẹ̀. Adéògún nìyẹn. Àlòkù páàtì ọkọ̀ ló ń tà ní ọjà Abossey Okai, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe òun ní oníṣòwò mọ́. Olùkọ́ ni kí a máa wí. Adéògún, ọmọ a-fun-fèrè-kọ́-ajá, a-jẹ́-olùkọ́-má-ní-akẹ́kọ̀ọ́.

Sùúrù ló sọ ọ́ di olùkọ́. Àwẹ̀ró, obìnrin tó ń ta ọṣẹ ní ọjà Kantamanto, ló rí ajá kékeré náà lábẹ́ ìdì aṣọ òkìrìkà, tí òjò ti lù ú, tí egungun rẹ̀ ṣeé kà. Ó gbé e wálé, ó sọ ọ́ ní Sùúrù. Àdúrà ni orúkọ náà, kò sì tíì gbà. Sùúrù kò lè rí ènìyàn kó má fò mọ́ ọn tayọ̀tayọ̀. Ó fò mọ́ àlejò, ó fò mọ́ olómi, títí ó fi fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ tẹ aṣọ funfun Ataa Kwei, bàbá ọmọ Gá tó ni ilé tí gbogbo wa háyà, nígbà tí bàbá ń lọ síbi ìsọmọlórúkọ.

Ataa Kwei kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi èdè Twi sọ ọ́ kí gbogbo wa lè gbọ́: "Àwẹ̀ró, ọmọ mi, títí òpin oṣù ni mo fún ọ. Bí ó bá tún fò mọ́ mi, kó padà sí ìgboro."

Àwẹ̀ró sunkún. Dókítà ẹran ti sọ fún un pé bí ajá bá ti fìdí lélẹ̀, kí a fi ẹran sí i lẹ́nu lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n òwúrọ̀ kùtù ló ń lọ sọ́jà. Adéògún, tí yàrá rẹ̀ kò jìnnà sí ti Àwẹ̀ró, tí àwọn ọmọọṣẹ́ sì ń bá tajà, wúkọ́.

"Àwẹ̀ró, fi í lé mi lọ́wọ́. Ajá tí yóò sọnù ni kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Èmi ni ọdẹ, èmi náà ni fèrè."

"Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Ẹran díndín rẹ̀ rèé. Ẹ jọ̀ọ́, bó bá ti jókòó, ẹ fún un."

Orúkọ ni olùkọ́ kọ́kọ́ yí padà. Láyé àtijọ́, ìyáálé a máa fi orúkọ ajá bá orogún rẹ̀ sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà a sì mọ níwọ̀n. Adéògún fi ti ajá yìí ki ara rẹ̀: Adéògún-kọ́-mi-mo-gbọ́n-ju-ajá-òyìnbó-lọ. Kí ó tó pe orúkọ náà dé "òyìnbó," ajá ti dé títì, ó ń lé ọkọ̀ akérò tí wọ́n ń pè ní tirótiró.

Láti ìgbà náà, igbe "jókòó" kò jẹ́ kí a sinmi. Gbogbo ilé gbọ́ ọ. Ọmọ Gá gbọ́, ọmọ Ewé gbọ́, ọmọ Hausa gbọ́. Ajá nìkan ni kò gbọ́.

"Àwẹ̀ró, ẹran yìí kò tó mọ́. Ọpọlọ ajá ń ṣiṣẹ́, ebi a sì máa pa ẹni tó ń ronú."

"Ẹ̀gbọ́n, ó mà ń rù."

"Ìwé ló ń mú un rù. Ta lo rí tó kàwé dójú àmì tó tún sanra?"

Adéògún nu òróró kúrò ní àgbọ̀n rẹ̀. Agbádá rẹ̀ ti ń fún mọ́ ọn lára.

Nígbà tí ọjọ́ pé, òun fúnra rẹ̀ ló to àga, tó sì pe àwọn ará Abossey Okai wá wòran. Ataa Kwei mọ̀ọ́mọ̀ ró aṣọ funfun náà. Àwẹ̀ró di etí ìró rẹ̀ mú.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," ni Adéògún wí, "ojú lásán ni mo fi kọ́ ọ. N kò fún un ní nǹkan kan."

Ó fun fèrè. Ó ka orúkọ ajá tán, ó ní, "Jókòó."

Sùúrù kọjá lára Ataa Kwei bí ẹni kọjá lára ògiri. Àpò agbádá Adéògún ló ń wò. Lẹ́ẹ̀kan náà ló fò mọ́ ọn, aṣọ ya fàà, ọ̀rá kan já bọ́, ẹran díndín sì fọ́n ká ilẹ̀. Okùn pupa tí Àwẹ̀ró fi ń di ọṣẹ ṣì wà lẹ́nu ọ̀rá náà.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹran tí mo ń fún yín fún Sùúrù kọ́ nìyí?"

"Mo ń tọ́ ọ wò fún un ni. Iyọ̀ lè pọ̀ jù."

"Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù," ni fítà kan tó ń tún ọkọ̀ ṣe wí láàárín èrò, "iyọ̀ náà kò tíì yé yín?"

Sùúrù gbé ẹran rẹ̀ lọ síwájú Àwẹ̀ró, ó fìdí lélẹ̀, ó ń jẹ ẹ́ jẹ́jẹ́. Ataa Kwei yẹ aṣọ rẹ̀ wò, kò rí àbàwọ́n.

"Kò fò mọ́ mi," ni bàbá wí. "Ó ń gbé níbí."

Adéògún ti kó ẹ̀ya agbádá rẹ̀ jọ, ó ń yọ́ lọ sẹ́nu géètì. Ataa Kwei na ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ sí i, ó sì sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó kọ́ lóṣù náà.

"Jókòó."

Adéògún jókòó.