Bí Mo Ṣe Lé Hùùn Jáde Nínú Rẹ́kọ́dà Àlàájà

Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí tí wọn ó fi sin mí. Tíṣà físíìsì ni mí, ọmọ Ọ̀mù-Àrán, ilé Àlàájà kan ní Ìlọrin ni mo sì háyà nígbà náà. Ọkọ Àlàájà, Àáfà oníwàásí tó ti di olóògbé, fi rẹ́kọ́dà àtijọ́ kan sílẹ̀, irú èyí tí téèpù rẹ̀ máa ń yí lórí kẹ̀kẹ́ ńlá méjì. Téèpù kan ṣoṣo ló kù tí ohùn rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Àlàájà fẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ gbọ́ ọ níbi àdúà ìrántí bàbá, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ náà, á máa kùn hùùùn, á sì bo ohùn Àáfà mọ́lẹ̀.

"Àlàájà, ẹ má wulẹ̀ wá oníṣẹ́ kankan," ni mo wí. "Iná ló ń kùn bẹ́ẹ̀ yẹn. Ṣebí òun ni mò ń kọ́ ọmọ àwọn èèyàn!" Ẹnu mi ni.

Mo kọ́kọ́ yí púlọ́ọ̀gì padà. Hùùn. Mo ní kò ní áàsì ni, ìyẹn wáyà tó ń gbé iná wọnú ilẹ̀, ni mo bá so wáyà mọ́ ara rẹ̀, mo fà á lọ sídìí ẹ̀rọ omi inú àgbàlá. Mi ò mọ̀ pé Àlàájà fẹ́ ṣe àlùwàlá.

"Subuhanallahi! Tíṣà, omi ń gbé mi bí iná!"

Mo sáré já wáyà, mo bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, kànga aládùúgbò ló ti ń pọn omi àlùwàlá rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni mo tó tú ikùn ẹ̀rọ náà. Kapasítọ̀ kan, èyí tó ń mú kí iná tòrò, ti wú níbẹ̀. Ohun tó yẹ kí n kọ́kọ́ wò ni mo wò kẹ́yìn. Mo ra òmíràn ní Ọjà Tuntun, mo jó ìka méjì níbi tí mo ti ń fi òjé lẹ̀ ẹ́, mo sì tan iná. Hùùn ti lọ! Mo gbọ́ wàásí náà títí Àáfà fi ní, "Wassalaamu alaikun." Ní ṣọ́ọ̀ṣì tiwa, bí a bá ti ṣe oore-ọ̀fẹ́, kálukú ti ń wá bàtà rẹ̀ nìyẹn. Mo gbà pé òfìfo ni ìyókù téèpù. Ẹnikẹ́ni ò rán mi o, mo ní kí n wò ó bóyá hùùn á tún wọlé bí mo bá fi ẹ̀rọ náà gba ohùn sílẹ̀. Mo tẹ bọ́tìnnì pupa, mo sọ̀rọ̀, inú mi sì dùn débi pé mo jẹ́ kó máa yí títí téèpù fi tán.

Ní Sátidé tí mò ń wí yìí, pálọ̀ kún fọ́fọ́. Ohùn Àáfà ń dún ketekete, wọ́n ń ṣàdúà fún mi, orí mi ń wú. Nígbà tí Àáfà ní "Wassalaamu alaikun," mo nawọ́ kí n pa á. Àlàájà gbá ọwọ́ mi kúrò.

"Má pa á! Àdúà ló kù. Ibẹ̀ ló ti dárúkọ mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí wa nígbà yẹn."

Rẹ́kọ́dà dún "kẹ́", ohùn mi sì jáde, ó mọ́ gaara: "Tẹ́sítìn, tẹ́sítìn. Ọ̀kan, èjì. Hùùn, mo ti ṣẹ́gun ẹ! Ta ló mọ̀ ọ́n ṣe bí èmi?" Lẹ́yìn náà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé.

Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ-ọmọ bú sẹ́rìn-ín, ìyá rẹ̀ fọwọ́ bò ó lẹ́nu. Àlàájà kọjú sí mi.

"Tíṣà, ohùn ẹ nìyẹn?"

"Èmi ni, Àlàájà."

"Àdúà náà ńkọ́?"

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja láàárín gbogbo wọn. "Mo ti pa á rẹ́. Mo rò pé ó ti tán ni."

"Dìde," ni Àlàájà wí. "Ọlọ́hun ti gbọ́ àdúà yẹn kí wọ́n tó bí ẹ. Èmi ni mo fẹ́ tún un gbọ́."

Ìbá sàn kó gbá mi létí. Ojú tì mí débi pé ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Láti ìgbà náà, bí mo bá fẹ́ fọwọ́ kan ohun olóhun, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Àwọn ọmọ-ọmọ Àlàájà kì í pè mí ní Tíṣà mọ́, "Bùrọ̀dá Tẹ́sítìn" ni wọ́n ń pè mí. Mo máa ń jẹ́ wọn lóhùn, mo sì máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n tún ṣe?