Obìnrin Oníléèsì Tí Mo Lé Padà Lẹ́nu Ọ̀nà

Ọjọ́ kan wà tí mi ò lè fọ̀ kúrò lọ́kàn mi, bí mo tilẹ̀ fi kànìnkànìn bó o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí n'Ìwó mọ̀ pé mo fẹ́ràn kí n máa fi ọmọ aráyé ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, èmi gan-an ni mo di yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n ẹlòmíì ló jìyà rẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń dùn mí.

Sìmẹ́ǹtì ni mo ń tà. Alàájì ni wọ́n ń pè mí, bẹ́ẹ̀ mi ò tíì fojú kan Mẹ́kà rí. Ó jọ pé eruku sìmẹ́ǹtì tó ń sọ mí di funfun látorí dẹ́sẹ̀ ló ń tàn wọ́n jẹ. Àwa oníṣòwò ìlú yìí ní ẹgbẹ́ kan. Lọ́dọọdún, a máa ń wá àwọn tí ìyà ń jẹ láàárín wa, a ó sì fún wọn ní ohun tí wọ́n á fi ṣiṣẹ́ jẹun, torí ìrẹsì tí a bá fún èèyàn lónìí, ọ̀la ni yóò tán. Oníkálukú a mú lára ohun tó ń tà wá. Lọ́dún náà, ẹnì kan nínú wa mú ẹ̀rọ ìlọta tuntun wá, ẹyọ kan ṣoṣo, tó ń dán bí ojú ọmọ tuntun.

Ìyá kan tó ń ta aṣọ ló ti lọ láti ojúlé dé ojúlé, tó kọ orúkọ àwọn tó yẹ sínú ìwé. Lọ́jọ́ ìpín, ọjà gbé e lọ sí Ìbàdàn, ni alága bá fa ìwé lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Alàájì, ojú yín mú. Ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò bá tòṣì, ẹ yọ orúkọ rẹ̀."

Ẹ ò rí i pé wọ́n fi iná sọ́wọ́ ọmọdé? Mo gbé àga sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, mo fẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀ bíi aṣọ́bodè. Orúkọ tó wà fún ẹ̀rọ ìlọta ni Ìyá Sàlámátù. Wọ́n kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé opó ni, alágbàfọ̀ ni, pé ọṣẹ ti jẹ ọwọ́ rẹ̀ débi pé kò lè fọṣọ mọ́. Bí kò bá rí ẹ̀rọ yìí gbà, yóò fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ n'Ìbàdàn. Mo kà á, àánú ṣe mí. Mo ti ń wọ̀nà fún obìnrin kan tó wọ àkísà.

Ẹni tó dé wọ léèsì aláwọ̀ òféfèé, ó wé gèlè gẹngẹ, bàtà gogoro sì ń jó lẹ́sẹ̀ rẹ̀ torí ó tóbi jù ú lọ. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀ o, Alàájì. Èmi ni Ìyá Sàlámátù. Wọ́n ní kí n wá."

"Ẹ dìde, ẹ má jẹ́ kí léèsì dọ̀tí! Ìyá ìyàwó, ẹ ti ṣìnà o. Ibi tá a ti ń ṣe ìgbéyàwó kọ́ nìyí, tálákà là ń wá níbí."

Àwọn tó wà lórí ìlà bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wọn gùn mí bí ẹṣin.

"Alàájì, orúkọ mi wà nínú ìwé yẹn."

"Orúkọ yín wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyà ò sí lára yín. Léèsì yìí nìkan tó ra ẹ̀rọ méjì!"

Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́, bí ẹni tó ní ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu tó ń rò ó bóyá kí òun sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ó dáa, Alàájì. Ẹ ṣeun." Ó dìde, bàtà gogoro ń gbá a lẹ́sẹ̀, ó lọ. Mo fi gègé fa igi kọjá lórí orúkọ rẹ̀, inú mi ń dùn pé mo mú olè.

Kò pẹ́ ni obìnrin kan wọlé láti Ilé-Ogbó. Irun rẹ̀ dà bí ìtẹ́ ẹyẹ, ìró rẹ̀ ya níbi mẹ́ta, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bára mu. Orúkọ rẹ̀ ò sí nínú ìwé, ṣùgbọ́n ó mọ ẹkún sun! Ẹkún náà ń dún létòlétò, bí ohun tí wọ́n ti dánrawò nílé. Omi bọ́ lójú èmi náà. Mo ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ fún un. Wọ́n ya wá ní fọ́tò, àwa méjèèjì ń sunkún.

Mo délé, ìyàwó mi gbé oúnjẹ wá. Ó ní, "Olówó orí mi, ṣé Ìyá Sàlámátù ti gba ẹ̀rọ?"

Mo dá òkèlè padà sínú abọ́. "Níbo lo ti mọ Ìyá Sàlámátù?"

"Ìyá tó ń bá wa fọṣọ tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Èmi ni mo yá a ní léèsì mi. Ó ní wọ́n pe òun síwájú àwọn èèyàn ńlá, òun ò lè fi àkísà kí wọn. Mo yá a ní bàtà náà. Àbí ẹ ò dá wọn mọ̀ ni?"

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò dá léèsì mọ̀, bẹ́ẹ̀ èmi ni mo fi odidi oṣù kan ráhùn nígbà tí mo rà á. Mi ò sì dá obìnrin náà mọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo máa ń rí níbi tó bá bẹ̀rẹ̀ sórí ọpọ́n omi, tó ń bó aṣọ funfun tí mo fi ń ṣe Alàájì.

Ilẹ̀ mọ́, mo gun ọ̀kadà, ó di Ilé-Ogbó. Òjò ti rọ̀. Ọ̀kadà yọ̀, ó dà mí sínú ẹrẹ̀, bàtà mi kan sì bá omi lọ. Nígbà tí mo fi béèrè dé ilé obìnrin ẹlẹ́kún, ṣọ́ọ̀bù ńlá ni mo bá a, ó wé gèlè, wúrà wà létí rẹ̀. Kò dá mi mọ̀.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jókòó síta níbẹ̀ yẹn. Ẹ bu ẹ̀wà díẹ̀ fún bàbá yìí, kó jẹ́ sàárà!"

Ẹ má bi mí bóyá mo jẹ ẹ́. Ebi ń pa mí. Nígbà tí mo jẹ ẹ́ tán ni mo sọ ẹni tí mo jẹ́, mo sì ní kó dá ẹ̀rọ padà.

"Ẹ̀rọ ti lọ, Alàájì. Mo ti tà á lánàá." Ojú ò tì í. "Tí mo bá múra báyìí wá, ṣé ẹ̀yin náà á fún mi?"

Mo gbé abọ́ ẹ̀wà sílẹ̀. Mo fi bàtà ẹyọ kan padà sílé, òtútù sì dá mi dùbúlẹ̀. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó dìde, mo ra ẹ̀rọ mìíràn, mo gbé e sínú kẹ̀kẹ́ lọ sílé Ìyá Sàlámátù. Àgádágodo ló wà lẹ́nu ilẹ̀kùn. Àáfà kan tó ń gbé lọ́kànkán yọjú.

"Ó ti lọ sí Ìbàdàn láàárọ̀ àná. Sàlámátù wà lọ́dọ̀ àbúrò bàbá rẹ̀ l'Ólúpọ̀nnà. Ṣé ẹ̀yin ni Alàájì onísìmẹ́ǹtì? Ó ní tẹ́ ẹ bá wá, kí n kó èyí fún yín. Ó ní kẹ́ ẹ bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyàwó yín."

Léèsì ni. Ó ti fọ̀ ọ́, ó ti lọ̀ ọ́, ó ká a sórí bàtà gogoro. Ọwọ́ tí ọṣẹ ti jẹ yẹn náà ló tún fi fọ̀ ọ́.

Ìgbà náà ló tó yé mi. Ó mọ̀ mí lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ó mọ̀ pé aṣọ ìyàwó mi ni mo fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ lójú gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ kan péré ló kù kó sọ, ẹ̀rín ì bá kúrò lórí rẹ̀, kó bọ́ sórí mi, kó sì gba ẹ̀rọ rẹ̀. Ó bò mí láṣìírí, ó lọ.

Ẹ̀rọ náà wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi títí di òní, mo fi ọ̀rá bò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n tà á, mo máa ń sọ pé ó ti ní ẹni tó ni ín. A ti ránṣẹ́ lọ Ìbàdàn títí, a ò tíì rí Ìyá Sàlámátù. Odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Mo ń retí rẹ̀.

Ní báyìí, bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ ṣe ìpín, èmi ni mò ń lọ láti ojúlé dé ojúlé. Mi ò wo aṣọ mọ́. Mo máa ń ní kí wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ sí mi kí n wò ó. Àwọn obìnrin ọjà ti ní Alàájì onísìmẹ́ǹtì ti di aríran, pé kí n bá àwọn wo ọkọ tó lówó. Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Tí mo bá sì délé, léèsì òféfèé á máa wò mí láti ibi tí ìyàwó mi fi kọ́. Kò wọ̀ ọ́ mọ́.