Ṣọ́pà Arìnmáyà ti Ajido

"Búọ̀dá, níbo ni Màmá máa gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja lé?"

Ìbéèrè tí mo bi Búọ̀dá Sewanu nìyẹn nígbà tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Búọ̀dá wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni pé mo bi í bóyá òkun ní ọmọrí. Kò dá mi lóhùn. Ó yíjú sí dígí kékeré kan tó wà lára ògiri, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tún irùngbọ̀n rẹ̀ ṣe.

Kí ẹ tó lè mọ ìdí tí kò fi dáhùn, ó yẹ kí ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń sọ.

Búọ̀dá Sewanu ni àbúrò bàbá mi, àbígbẹ̀yìn Màmá, ìyá bàbá mi, ní Ajido. Òun nìkan ni mo mọ̀ tó ń wọ jígí dúdú sùn lọ́sàn-án. Òun nìkan ló máa ń fín lọ́fínńdà sára kó tó lọ pọn omi. Bó bá kọjá níwájú ilé kan tí ẹnikẹ́ni kò wò ó, yóò padà, yóò sì tún ibẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló gbọ́ nínú èdè Faransé, ewúrẹ́ pàápàá ló sì ń fi wọ́n kí.

Gbogbo ẹwà yìí ní ọ̀tá kan ṣoṣo. Òórùn ẹja yíyan ni.

Ní gbogbo ọjọ́ ọjà Agbálátà, Búọ̀dá Sewanu ló máa ń fi alùpùpù ilé wa gbé ẹja Màmá lọ sí Àgbádárìgì. Bàbá Àgbà, tó ti di olóògbé, ló ra alùpùpù náà lọ́dún tí wọ́n bí Búọ̀dá. Ó ní kí wọ́n jó kéríà irin gbọọrọ kan mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, tó gba apẹ̀rẹ̀ Màmá régí. Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ sára táǹkì pẹ̀lú ọ̀dà funfun: Ẹ RỌRA, ẸJA ÌYÁ SEWANU WÀ LẸ́YÌN.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sáré ká gbogbo Àgbádárìgì fún ọdún pípẹ́. Bí Búọ̀dá bá ń kọjá, àwọn ọmọ ilé ìwé a máa kà á sókè, òun yóò sì máa wo ibòmíràn bí ẹni pé Sewanu kan mìíràn ni wọ́n ń sọ. Èmi náà ti kà á rí. Mo rọra kà á ni o.

Ní ọjọ́ kan, Búọ̀dá rí fídíò kan lórí fóònù. Ó rí alùpùpù kan tí ọwọ́ rẹ̀ ga sókè bí ìwo màlúù, tí táyà iwájú rẹ̀ sì jìnnà sí ẹni tó gùn ún bí ẹni pé wọ́n jọ ní ìjà. Ṣọ́pà ni wọ́n ń pè é. Ọkùnrin tó gùn ún fẹ̀yìn tì, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, gbogbo ayé sì ń wò ó. Kò gbé ẹja kankan.

Lọ́jọ́ kejì, Búọ̀dá lọ bá Màmá nídìí ààrò ẹja.

"Màmá, ẹ́ńjìnnì alùpùpù yìí ń ké. Mo fẹ́ gbé e lọ bá Ishaq wẹ́dà ní Imeke. Ọ̀sẹ̀ méjì péré."

"N kò gbọ́ igbe kankan," ni Màmá wí.

"Ẹ ò lè gbọ́ ọ. Ó ń ké sínú ni."

Ọ̀sẹ̀ méjì di oṣù méjì. Màmá ń wọ ọ̀kadà ẹlòmíràn lọ sọ́jà, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò rí ibi jókòó lórí wọn. Kí wọ́n tó dé Agbálátà, ẹja á ti fọ́ sí wẹ́wẹ́. Àwọn oníbàárà tó ti ń rà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà tí Bàbá Àgbà wà láyé bẹ̀rẹ̀ sí í yà sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Màmá kò pariwo. Ó kàn ń dín iye ẹja tó ń yan kù díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó sọ fún bàbá mi pé bóyá ó ti tó àkókò fún òun láti fi ọjà sílẹ̀, kò sẹ́ni tó jẹun dáadáa nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, àyàfi Búọ̀dá Sewanu.

Màmá ló fi oúnjẹ rán mi sí i ní Imeke. Ibẹ̀ ni mo ti rí alùpùpù wa. Wọ́n ti gé kéríà Bàbá Àgbà kúrò. Ó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, adìyẹ kan sì ti yé ẹyin sínú rẹ̀. Irin iwájú alùpùpù wa ti gùn síta bí imú ẹni tó ń gbọ́ òórùn nílé aládùúgbò.

"Ọ̀gá, mo tún ń sọ ọ́ o," ni Ishaq ń wí. "Irin yìí ti gùn jù. Tí ẹ bá fẹ́ yà, àfi kí ẹ lọ sí pápá bọ́ọ̀lù."

"Ta ló sọ fún ẹ pé mo fẹ́ yà? Iwájú ni mò ń lọ."

"Ọ̀dà yìí náà ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n ha ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ kúrò, kí n tó kùn ún, kó sì gbẹ dáadáa."

"Kùn ún lé e lórí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde ti dé tán."

Nígbà náà ni mo bi Búọ̀dá ní ìbéèrè mi. Ishaq bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ó sì lọ wúkọ́ náà parí níta.

Ètò Búọ̀dá kò le rárá. Ní Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, èrò máa ń wá sí etí òkun wa láti Èkó, àwọn tíṣà náà sì máa ń wá láti ìlú Ọ̀tọ̀. Búọ̀dá yóò gun ṣọ́pà jáde sí wọn. Yóò sọ pé ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá láti Amẹ́ríkà, tó gba Kútọnu wọlé. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò lórí rẹ̀ yóò sanwó. Nítorí pé ọwọ́ ìkọ̀wé mi mọ́, èmi ló ní kí n kọ pátákó rẹ̀. Mo kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bó ṣe pè é fún mi: ṢỌ́PÀ GIDI LÁTI AMẸ́RÍKÀ. OLÓHUN NI Ọ̀GÁ SEWANU, ARÌNMÁYÀ, ẸLẸ́ṢIN IRIN, A-RÍ-FỌ́TÒ-RẸ́RÌN-ÍN. Ẹ MÁ FỌWỌ́ KÀN ÁN.

Ọkọ̀ ojú omi la máa ń wọ̀ láti Ajido kọjá sí apá òkun. Ṣọ́pà gùn débi pé táyà iwájú rẹ̀ yọ síta níwájú ọkọ̀. Ọlọ́kọ̀ ní kí Búọ̀dá sọ̀ kalẹ̀ kó jókòó bí èèyàn. Búọ̀dá kọ̀. Ó ní àwọn èèyàn lè ti máa wo òun láti òdìkejì. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gun alùpùpù tó dúró sójú kan kọjá ọ̀sà, tó ń juwọ́ sí àwọn ẹyẹ.

Àwọn tó ti wà létí òkun láti àárọ̀ ni Zinsu, ọ̀gá àwọn apẹja, àti àwọn tó ń bá a fa àwọ̀n. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á fi ọkọ̀ ju àwọ̀n ńlá sínú òkun, okùn méjì á wá sí ilẹ̀ láti ọ̀tún àti òsì, ẹnikẹ́ni tó bá sì fẹ́ lè bá wọn fà á. Òfin ibẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ. Ohunkóhun tí àwọ̀n bá gbé wálẹ̀, ti àwọn tó di okùn mú ni, wọn yóò sì pín in. Lọ́dún kan, àwọ̀n gbé àga ike kan wá. Zinsu ló kàn. Òun ló ń jókòó lé lórí títí di òní.

Màmá wà lára àwọn tó di okùn mú lọ́jọ́ náà. Níwọ̀n ìgbà tí ọjà kò ti lọ dáadáa mọ́, ó wá wá ìpín ẹja rẹ̀ síbẹ̀.

Búọ̀dá tan ṣọ́pà. Ó ti yọ sáléńsà rẹ̀ kúrò, nítorí náà gbogbo etí òkun ló gbọ́. Àwọn àlejò dìde, wọ́n yọ fóònù. Iyanrìn òkè rọ̀, ó ń gbé táyà mì, etí omi nìkan ló le. Ibẹ̀ ni Búọ̀dá gbà. Ó fẹ̀yìn tì, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó gbé àgbọ̀n sókè kí fóònù lè rí i dáadáa.

"Sewanu, okùn wà níwájú," ni Zinsu ké. "Yà."

Búọ̀dá gbọ́ ọ. Ó yí ọwọ́ ṣọ́pà. Ṣùgbọ́n táyà iwájú jìnnà débi pé ìròyìn náà kò tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Okùn mú àwọn ìwo ṣọ́pà méjèèjì. Ṣọ́pà yà nígbà náà, ó yà sínú òkun. Ìgbì kan bò ó, òmíràn sì bo Búọ̀dá, àwọn méjèèjì wà láàárín okùn ọ̀tún àti okùn òsì, àwọ̀n sì ń bọ̀ lẹ́yìn wọn.

"Ẹ má dẹ okùn o," ni Zinsu wí fún àwọn èèyàn rẹ̀. "Tí ẹ bá dẹ̀ ẹ́, gbogbo ẹja ló máa lọ. Ẹ máa fà."

Wọ́n fà. Àwọn àlejò rò pé ara eré ni, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Nígbà tí àwọ̀n dé orí iyanrìn, a rí ẹja ṣawa, akàn, bàtà ẹsẹ̀ kan, ṣọ́pà, àti Búọ̀dá Sewanu. Jígí dúdú rẹ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. Akàn kan dúró sí kọ́là ẹ̀wù rẹ̀.

"Ẹ bá mi gbé alùpùpù mi," ni ó wí.

Zinsu ti jókòó sórí àga ike rẹ̀. "Àwọ̀n ló gbé e wá. Ìwọ náà mọ òfin."

"Èmi ni mo ni ín. Gbogbo èèyàn ló rí mi lórí rẹ̀."

"Níbo lo ti rí i?"

Búọ̀dá wo àwọn fóònù tó dojú kọ ọ́. Ó wo pátákó tí mo gbé dání. "Amẹ́ríkà," ni ó wí.

Zinsu dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu táǹkì. Ọ̀dà dúdú, tí okùn ti ha, tí kò sì gbẹ rí, bọ́ sí i lọ́wọ́ bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Lẹ́tà funfun yọ jáde lábẹ́ rẹ̀. Mísì Adédoyin, ọ̀kan lára àwọn tíṣà tó wá láti Ọ̀tọ̀, súnmọ́ ọn, ó sì fi ohùn kíláàsì kà á kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́.

"Ẹ rọra. Ẹja Ìyá Sewanu wà lẹ́yìn."

"Ó dùn mọ́ mi," ni Zinsu wí, "pé àwọn ará Amẹ́ríkà mọ ìyá rẹ."

Ẹ̀rín tó tẹ̀lé e, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ ní Ajido.

"Sewanu, mú ọ̀kan," ni Zinsu tún wí. "Tó bá jẹ́ láti Amẹ́ríkà ni, ti àwọ̀n ni, a máa tú u, a máa pín in. Tó bá jẹ́ ti bàbá rẹ ni, ilé yín ló ni ín, ẹ gbé e lọ. Èwo ni?"

Búọ̀dá rò ó títí. Ó pẹ́ tó fi jẹ́ pé akàn ráyè kúrò ní kọ́là wọ inú àpò ẹ̀wù.

"Ti bàbá mi ni," ni ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́," ni Mísì Adédoyin wí.

"Ti bàbá mi ni. Ẹja la fi ń gbé."

Màmá fi okùn sílẹ̀. Ó yí alùpùpù náà ká lẹ́ẹ̀kan, ó sì fi ọwọ́ wá ibi tí kéríà wà tẹ́lẹ̀ rí. Kò rí nǹkan kan dì mú.

"Ó sọ fún mi pé ó ń ké sínú," ni ó wí. "Tí wọ́n bá gé ẹ̀yìn tèmi náà, màá ké."

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Zinsu. "Mo di okùn mú láti àárọ̀, àbí n kò dì í mú?"

"Ẹ dì í mú, Ìyá."

"Ìpín mi dà?"

"Alùpùpù ti jẹ́ tiyín. Ẹ mú ẹja yín kún un."

"Ẹni tó bá a wá nínú àwọ̀n ńkọ́?" ni ẹnì kan béèrè láàárín àwọn tó ń fa okùn.

Zinsu ronú sí i bí adájọ́. "Àwọ̀n ló gbé òun náà wá. Ẹ fi fún Ìyá."

Irin tí wọ́n ti gé kì í yá padà. Oṣù mẹ́rin ni Ishaq fi tún un ṣe. Fún oṣù mẹ́rin yẹn, ní gbogbo ọjọ́ ọjà, Màmá máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú òṣùká lọ́wọ́. Búọ̀dá Sewanu á bẹ̀rẹ̀, wọ́n á gbé apẹ̀rẹ̀ lé e lórí, yóò sì rìn la Ajido já títí dé ọ̀nà ńlá, pẹ̀lú jígí dúdú àti lọ́fínńdà. Òróró ẹja á máa kán sí i ní èjìká. Kò lè yíjú sọ́tùn-ún tàbí sósì kí apẹ̀rẹ̀ má baà ṣubú. Àwọn ọmọ ilé ìwé á máa tẹ̀lé e, wọ́n sì ti tún ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà kọ: "Ẹ rọra, ẹja Ìyá Sewanu wà lókè."

Ọdún keje nìyí. Mo ti wà ní kíláàsì àṣekágbá ní ilé ẹ̀kọ́ girama. Àwọn oníbàárà Màmá ti padà, kéríà ti padà, ọ̀rọ̀ Bàbá Àgbà sì ń tàn lára táǹkì. Irin iwájú nìkan ni kò kúrú tán, nítorí náà bí Búọ̀dá bá fẹ́ yà ní ìkóríta, àwọn èèyàn a máa wọlé fún un.

Ní ọjọ́ ọjà tó kọjá, Màmá ní kí n bá Búọ̀dá di apẹ̀rẹ̀ mọ́ kéríà. Mo di okùn apá kan, ó di èkejì. Ó fà á wò bóyá ó le.

"Tiwalolúwa."

"Ẹ̀n, Búọ̀dá."

"Ìbéèrè kan wà tí o bi mí nílé Ishaq, nípa apẹ̀rẹ̀ Màmá."

Mo ti rò pé ó ti gbàgbé. Ó bọ́ jígí dúdú rẹ̀, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, inú rẹ̀ dùn pé kò sẹ́ni tó ń wo òun.

"Orí mi ni," ni ó wí.