Ẹ̀rí Ìdúpẹ́ Olúbọ̀wálé àti Ẹ̀rọ Ìránṣọ Ọmọ́wùmí

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ Babáṣọlá ní Mafolúkù lánàá, nínú gbogbo àwọn tí wọ́n sì dárúkọ níbẹ̀, Ọlọ́run nìkan ni kò sí ní ìjókòó.

Ọmọ́wùmí, ìyá Títí, aránṣọ, ni olùpẹ̀jọ́. Ẹni tí ó pè ni Olúbọ̀wálé, akọ̀wé ìjọba, ará Èkìtì bíi tirẹ̀. Ògiri kan ni ó wà láàárín yàrá àwọn méjèèjì, ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n sì ń lọ. Ọmọ́wùmí kò fojú kan oorun láti ọjọ́ Ìsinmi. Ogójì aṣọ ilé-ìwé ni ó ti gbà láti rán fún àwọn ọmọ tí yóò bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ kéde. Ọjọ́ méjìlá ni ó kù, olè sì ti gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ nígbà tí ó lọ sọ́jà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe olè ni ó pè lẹ́jọ́.

"Kí ni ọkùnrin yìí fi ṣe ọ́?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Ó dúpẹ́ ni, Bàbá."

Àwọn ìgbìmọ̀ wo ara wọn lójú.

"Ó dúpẹ́?"

"Lójú gbogbo ìjọ. Ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ, ó ní òun dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tí ó mú kí olè ré ilẹ̀kùn òun kọjá, tí ó sì darí wọn sí yàrá tí ó tẹ̀ lé e. Gbogbo ìjọ pariwo Halelúyà. Bàbá, yàrá tèmi ni ó tẹ̀ lé e! Àárín àwọn akọrin ni mo wà. Èmi gan-an ni mo dá orin ìdúpẹ́ náà fún un!"

Ọ̀tún Fákúnlé bú sẹ́rìn-ín. Baálẹ̀ wò ó. Ó gbé ẹ̀rín náà mì.

"Olúbọ̀wálé, kí ni o rí sí i?"

Ọkùnrin náà tún táì rẹ̀ ṣe. "Kí Baálẹ̀ ó pẹ́. Ìwé Mímọ́ ni mo tẹ̀ lé. Owó Údójì tí ìjọba fi kún owó oṣù wa ni mo fi ra rédíógíráàmù ńlá kan, rédíò àti ẹ̀rọ orin nínú àpótí kan, láti ìgbà náà ni ẹ̀rù olè ti ń bà mí. Mo kà nípa àwọn ọmọ Ísírẹ́lì tí wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ ọ̀dọ́ àgùntàn kun àtẹ́rígbà ilẹ̀kùn wọn, tí ikú sì ré wọn kọjá. Èmi náà kun tèmi."

"Ẹ̀jẹ̀ ni o fi kùn ún?"

"Rárá, Bàbá. Láti ìgbà tí owó epo rọ̀bì ti sọ ọjà di ọ̀wọ́n, ta ni apá rẹ̀ ká àgùntàn? Ọ̀dà pupa ni."

Ajíhìnrere Ọlọ́runyọmí, tí ó bá a wá láti gbèjà rẹ̀, dìde. "Ìgbàgbọ́ ni Ọlọ́run ń wò, kì í wo irú ọ̀dà."

Ọmọ́wùmí yíjú sí i. "Ajíhìnrere, bí bọ̀dá yìí bá jẹ́ Ísírẹ́lì, ta ni èmi?"

Ajíhìnrere wo òkè àjà.

"Ẹ sọ ọ́, sà! Ṣé ará Íjíbítì ni mí? Èmi tí mo ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì ní gbogbo Sátidé?"

"Àánú Ọlọ́run kò lópin, ìyá Títí."

"Ó lópin, sà. Ògiri tí ó wà láàárín èmi àti bọ̀dá ni òpin rẹ̀."

Baálẹ̀ gbé ọwọ́ sókè. "Ajíhìnrere, ta ni ó rán àwọn olè náà?"

"Sátánì ni."

"Ta ni ó mú wọn ré ilẹ̀kùn Olúbọ̀wálé kọjá?"

"Ọlọ́run ni."

"Ta ni ó wá júwe ilẹ̀kùn ìyá Títí fún wọn?"

"Sát..." Ó dúró. "Ọlọ́r..." Ó tún dúró. "Àṣírí ńlá ni, Baálẹ̀."

"Kì í ṣe àṣírí o!" Múrítàlá, tí ó máa ń lẹ táyà níwájú ilé tí àwọn méjèèjì ń gbé, ni ó ké láti ẹ̀yìn. "Mo wà níbẹ̀. Ọ̀sán gangan ni. Ọkùnrin méjì gbé píkọ́ọ̀pù dé, wọ́n kí mi dáadáa, mo ṣebí ayálégbé tuntun ni wọ́n. Ilẹ̀kùn pupa ni wọ́n kọ́kọ́ kàn."

"Èmi kò mọ̀ nípa ìyẹn," ni Olúbọ̀wálé wí. "Ibi iṣẹ́ ni mo wà."

Ẹnu ya Ajíhìnrere. "Arákùnrin, nínú ẹ̀rí yín, ẹ ní orí eékún ni ẹ wà nínú yàrá nígbà tí ẹ gbóhùn wọn!"

"Ó dára, mo wà nílé," ni Olúbọ̀wálé wí. " Mo ti kọ̀wé sí ọ́fíìsì pé ara mi kò yá."

"Ṣé kò yá lóòótọ́?"

"Ó yá, Bàbá. Rédíógíráàmù ni mò ń ṣọ́. Nígbà tí wọ́n kanlẹ̀kùn, àdúrà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbà."

"Mo gbọ́ àdúrà náà láti ìdí táyà mi," ni Múrítàlá wí. "Ó ní, 'Olúwa, èmi kò ní nǹkan kan níhìn-ín! Yàrá tí ó kángun sí mi ni ẹ̀rọ tuntun wà!'"

"Ọlọ́run ni mò ń bá sọ̀rọ̀!"

"Ṣé Ọlọ́run gbọ́?" ni Baálẹ̀ bi í.

"Ó gbọ́, Bàbá."

"Olè ni ó kọ́kọ́ gbọ́."

Olúbọ̀wálé dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Baálẹ̀, ẹ rántí Jósẹ́fù. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tà á sóko ẹrú, Ọlọ́run sì yí ibi náà padà sí rere. Ta ni ó mọ rere tí yóò ti inú èyí jáde?"

Baálẹ̀ dá a lóhùn. "Èmi náà lọ ilé-ìwé Sọ́ńdè kí n tó joyè. Jósẹ́fù tí wọ́n tà ni ó sọ bẹ́ẹ̀. N kò rántí ibi tí àwọn tí ó tà á ti sọ ọ́."

Ó yíjú sí àwọn ìgbìmọ̀.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Ibi tí Ọlọ́run wà nígbà tí olè dé, èmi kò mọ̀. Àwọn tí ó gbọ́n jù mí lọ ti ń wádìí rẹ̀ kí wọ́n tó bí mi. Ibi tí Olúbọ̀wálé wà, a mọ̀ ọ́n: ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ó wà, ó ń júwe ọ̀nà. Kí ó ra ẹ̀rọ tuntun fún obìnrin yìí."

"Mo gbà, Bàbá! Kíákíá!"

Ọ̀tún Fákúnlé wúkọ́. "Níbo ni yóò ti rí i rà? Ọkọ̀ ojú omi tí ó ń kó ẹ̀rọ ìránṣọ bọ̀ ti há sẹ́yìn àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ní èbúté Àpápá láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn."

"Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, títí ọkọ̀ yóò fi gúnlẹ̀, Olúbọ̀wálé fúnra rẹ̀ ni ẹ̀rọ. Kí ìyá Títí máa gé aṣọ. Kí Olúbọ̀wálé jókòó síta gbangba, kí ó fi ọwọ́ rán ogójì náà pé."

"Akọ̀wé àgbà ni mí, Baálẹ̀! Iṣẹ́ ìjọba ńkọ́?"

"O mọ bí a ti í kọ̀wé àìsàn; tún òmíràn kọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kí o padà síwájú pẹpẹ lọ parí ẹ̀rí rẹ. O fo ibi tí o ti pariwo."

Gbogbo ènìyàn dìde, àfi Ọmọ́wùmí. "Bàbá, ẹjọ́ Ọlọ́run ńkọ́?"

"Ṣé o pè é?"

"Mo ń pè é lójoojúmọ́."

"Bí ó bá dáhùn, rán ẹnìkan sí mi. Ọmọ méjì ni mo ti sin. Èmi náà ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bi í."

Ọmọ́wùmí kúnlẹ̀, ó dìde. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ìsinmi, ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ díẹ̀: kì í ṣe òun nìkan ni ará Íjíbítì ní Mafolúkù.

Ní òwúrọ̀ òní, Olúbọ̀wálé ti wà níta, táì lọ́rùn, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́. Àwọn tí ń lọ síbi iṣẹ́ ń dúró wò ó. Kò tíì rán apá aṣọ kan tán tí abẹ́rẹ́ fi gún un wọnú èékánná.

"Olúwa," ni ó kígbe, "kí ni mo ṣe?"

Ọmọ́wùmí gba aṣọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Ẹ tú apá òsì, bọ̀dá. Ó wọ́."